Ihò Kejìlá

Láti ìgbà tí Hàbíbàt ti ń tún ẹja ṣe ní èbúté Ìpakodò, ọ̀bẹ kò gé e lọ́wọ́ rí. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, ó gé e lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀, ó fi àkísà wé ìka, ó sì fa òkúta ìpọ́nbẹ rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ báàgì. Òkúta náà kò ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn. Àwọ̀ eérú ni, ilà funfun kan la àárín rẹ̀ kọjá, àmì kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó dà bí ìwọ̀ ẹja. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló fún un ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí ìyàwó láti Ìwó, tí ọ̀bẹ rẹ̀ kú tí kò lè gé ẹran ẹja. "Gbà," ni bàbá wí, "ọ̀bẹ tí kò mú ló ń gé èèyàn." Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé ló ń yá òkúta yìí lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí olúkúlùkù ń wá ohun tí yóò fi pọ́n ọ̀bẹ àgbò. Ó ti jẹ ní àárín títí ó fi tẹ̀ kòtò bí inú ṣíbí.

Ó pọ́n ọ̀bẹ náà. Ọ̀túnla ni ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun, wọn yóò mú un kúnlẹ̀ ní ojúlé ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Ìkòròdú, yóò sì fi ahọ́n kan owú irin tí àwọn baba ńlá wọn fi ń rọ ọkọ́ àti àdá nígbà tí agbo ilé náà ṣì jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ. Olè ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá fi ahọ́n kan owú yẹn lórí irọ́, wọ́n ní kì í yí ọdún po. Ẹni tó bá sì kọ̀ tí kò fi ahọ́n kàn án, olè ni láìsí àríyànjiyàn. Yóò di ẹrù rẹ̀, yóò fi ọmọ sílẹ̀ fún wọn. Hasanat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bàbá Ọláògún, bàbá ọkọ rẹ̀, lo ogún ọdún lórí òkun gẹ́gẹ́ bí atukọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra aago àti bàtà bọ̀ wálé. Ọ̀bẹ àpò ni tirẹ̀, àwọn ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n ń ká wọ inú èèkù wọn. Ó kó wọn sínú àpótí igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ́ àrán sí, tí ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ nínú rẹ̀, ó tì í pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, Hàbíbàt ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fún un lóúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí. Kò fi ṣí àpótí náà lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Ẹni tí ì bá jẹ́rìí ti wà nínú sàárè.

Wọ́n sin bàbá, wọ́n ṣe àdúà ogójì ọjọ́, ni Bísíríyù, àkọ́bí rẹ̀, bá ṣí àpótí, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì gbé e sórí fóònù kí ayé lè rí i. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Saheed fi pè é láti Èkó. Iṣẹ́ Saheed ni kó máa kó irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ jọ. Ó ní àpótí tó bá pé, owó rẹ̀ á ra ilẹ̀. Èyí tí kò bá pé, kí olúwa rẹ̀ gba ohun tí wọ́n bá fún un, kó sì dúpẹ́.

"Ihò méjìlá ni mo rí o, Bọ̀dá," ni Saheed wí. "Ọ̀bẹ mọ́kànlá ni mo kà. Ìkejìlá dà?"

Ìbéèrè yẹn ló da ilé rú. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹbí péjọ sí ojúlé. Hàbíbàt jókòó lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn ìyàwó ilé, ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin nìkan ló ń rí; àpótí náà wà níwájú wọn lórí ẹní.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́ta?" ni Bísíríyù bèèrè. "Èmi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò lẹ́sẹ̀."

"Bọ̀dá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò ṣí i rí. Ẹ gbé Kùránì wá, kí n fi búra báyìí báyìí."

Bàbá Adélàjà, olórí ẹbí, gbé ọwọ́ sókè. Bàbá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò bí ẹni pé wọ́n ń tà á fún un. "Irin ló sọnù," ni ó wí. "Irin la ó fi bèèrè rẹ̀. Ìyàwó, gbọ́ ohun tí wàá sọ lọ́jọ́ Jímọ̀: 'Kò sí ohunkóhun láti inú àpótí yìí lọ́wọ́ mi. Bó bá wà, kí irin dá mi lẹ́jọ́.' Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Hàbíbàt wo Ìdrís ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni Ìdrís ń wò. Nígbà tí wọ́n délé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ṣebí o ò mú nǹkan kan? Ṣe é, ká lè sinmi." Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Inú bí Hàbíbàt gidigidi.

Kì í kúkú ṣe ìbúra ló ń bà á lẹ́rù. Ó mọ ara rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ẹ̀yìn ìbúra, nítorí ó mọ ilé náà. Bí orí bá fọ́ ọ lọ́dún yìí, wọ́n á ní irin ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá yọ̀ ṣubú ní èbúté, wọ́n á mi orí. Títí tí yóò fi kú, gbogbo ibà tó bá ṣe é ni wọn yóò máa fi ṣe ẹ̀rí, wọn yóò sì máa sọ ọ́ sétí Hasanat. Ìbúra kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ojú lè rí ló ń wá.

Bísíríyù fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀nà hàn án láìmọ̀, níbi tó ti ń fi ọ̀rọ̀ Saheed yangàn. Ó ní Saheed sọ pé ìwé wà tí wọ́n ya gbogbo irú àpótí bẹ́ẹ̀ sí, tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú wọn àti iye tí wọ́n ń tà wọ́n, ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà wọ Hàbíbàt létí, kò sì jáde mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ ilé ìtàwé mẹ́rin ní Ìkòròdú. "Ìwé ọ̀bẹ?" ni ẹnì kan bi í. "Ìyá, àbí ìwé oúnjẹ sísè lẹ ń sọ?" Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ bá obìnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní ìtòsí ọjà. Obìnrin náà wá a títí, ó rí orúkọ àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ lóríṣiríṣi. Tó bá sanwó, òkè òkun ni wọn yóò ti fi ránṣẹ́, yóò sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jímọ̀ kò lè dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèpo ẹ̀yìn ìwé wọ̀nyẹn ti ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà, ó rí ọ̀kan tó jẹ́ búlúù, tí ọ̀bẹ kan ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ó mọ ìwé yẹn. Orí itan Bàbá Ọláògún ló ti mọ̀ ọ́n. Bàbá a máa ṣí i lọ́sàn-án, a máa rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni ń ka lẹ́tà, kó tó fi yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wọkọ̀ òkun, Bàbá Ajíbọ́lá ará Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rẹ́ náà kò dá a padà mọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ fi gé e lẹ́ẹ̀mejì ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Ó di ìka tán, ó fi ẹja tó kù sọ́wọ́ Ṣẹ̀rífátù tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, ó ju ọ̀bẹ àti òkúta sínú báàgì nítorí kì í fi wọ́n sílẹ̀ létí omi, ó sì wọ bọ́ọ̀sì tó ń gba Ìtoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Bàbá Ajíbọ́lá ti kú. Agnes ọmọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló ṣílẹ̀kùn fún un nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà ẹja. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó káwọ́ lérí.

"Ìwé bàbá mi! Ikán ti jẹ ìdajì wọn. Sátidé yìí gan-an ni mo fẹ́ dáná sun ìyókù. Wọlé, jàre."

Páálí méjì ló wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n da àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ìwé àdúà, ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ, káléńdà àtijọ́, erùpẹ̀ ikán. Kò sí búlúù níbẹ̀. Wọ́n da èkejì sílẹ̀. Hàbíbàt ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, òógùn sì ń bọ́ sórí wọn. Nígbà tó ku mẹ́rin, ó dáwọ́ dúró, nítorí kò fẹ́ mọ̀. Agnes ló bá a gbé wọn. Búlúù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ikán ti lẹ ojú ìwé mọ́ ara wọn láti ẹ̀yìn wá. Hàbíbàt fún Agnes ní ọ̀bẹ ẹja rẹ̀, ìyẹn sì rọra ń fi là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Hàbíbàt ti dúró, òyìnbó inú ìwé yẹn sì le. Ó jókòó bí ọmọ iléèwé, ó ń wo ẹnu Agnes.

"Àpótí igi pẹlẹbẹ lo sọ, àbí? Èyí rèé. Àmì ìdákọ̀ró ọkọ̀ wà lórí ìdérí rẹ̀. 'Àpótí atukọ̀,' ni wọ́n pè é. Ọ̀bẹ mọ́kànlá..."

"Ẹ ní mélòó, mà?"

"Mọ́kànlá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

"Mọ́kànlá, Hàbíbàt! Kò ní méjìlá rí láti ibi tí wọ́n ti ṣe é!"

Hàbíbàt fò sókè, ó dì mọ́ obìnrin tí kò mọ̀ rí náà, ó ń ké Alhamdulillahi, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ó sunkún fún gbogbo ọjọ́ mẹ́ta tí kò fi sunkún. Agnes náà ń rẹ́rìn-ín, ó tún tẹ ojú mọ́ ìwé.

"Ibi tí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sí gan-an ni ikán jẹ, ẹ ò rí wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ni èyí tó wà nínú ihò kejìlá? Kì í ṣe ọ̀bẹ."

Hàbíbàt bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ohun kékeré kan ni, àwọ̀ eérú, ilà funfun la àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ya abẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, kí àmì tó wà níbẹ̀ lè hàn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó mú òkúta jáde, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìwọ̀ ẹja tó ti ń wò láti ọdún mẹ́sàn-án, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ni.

Hàbíbàt ń gbọ́ ohùn Bàbá Adélàjà: kò sí ohunkóhun láti inú àpótí yìí lọ́wọ́ mi. Ọ̀túnla ni ì bá sọ ọ́, pẹ̀lú ọkàn tó mọ́, kí ahọ́n rẹ̀ sì kan irin.

"Fara balẹ̀," ni Agnes wí pẹ̀lẹ́. "Ta ló mọ̀? Jẹ́ kí n ya àwòrán yìí kúrò, bí ẹni pé ikán ló jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá yẹn á ṣẹ́ kù. Ìwọ ju òkúta sí ọ̀sà."

"Ẹ má ya á, mà," ni Hàbíbàt dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dá a lójú.

Nígbà tó gbé ìwé náà padà dé Ìpakodò, oòrùn ṣì wà lókè, àwọn ọkọ̀ ojú omi ń já èrò sílẹ̀. Ó dúró sí ìpẹ̀kun èbúté, òkúta wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó bá jù ú, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìbúra rẹ̀ yóò sì jóòótọ́. Ó ro èyí lẹ́ẹ̀kan, ó rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n irin kì í ṣe adájọ́ tí lọ́yà ń fi ọgbọ́n ẹnu yí lórí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá jalè ló ń ju nǹkan sómi. Wọ́n fún òun ni. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó na apá, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi ń ro ó, ó sì tún gbé òkúta padà sínú báàgì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó sọ fún Ìdrís. Ìdrís fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. "Jù ú nù," ni ó wí. Hàbíbàt dìde lọ gbá ilẹ̀.

Jímọ̀ dé. Ojúlé kún. Àpótí wà lórí ẹní, ó ṣí sílẹ̀, owú irin náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú, ó ń dán níbi tí ọwọ́ àwọn òkú ti dì í mú. Hàbíbàt kúnlẹ̀. Bàbá Adélàjà ti owú náà sún mọ́ ọn.

"Sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò lè sọ ọ́ bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o!" ni Bísíríyù kígbe. "Ẹ ti gbọ́ ọ o!"

"Nítorí ohun kan láti inú àpótí yìí wà lọ́wọ́ mi."

Ariwo ta. Àwọn ìyàwó ilé fọwọ́ bo ẹnu. Hàbíbàt kò dúró de ìdákẹ́jẹ́. Bó bá dúró, ẹ̀rù yóò pa á lẹ́nu mọ́. Ó fa ìwé búlúù náà jáde, ó ṣí i síwájú olórí ẹbí, ó sì gbé òkúta ìpọ́nbẹ lé e lórí.

"Ìwé Bàbá nìyí, mo lọ gbà á ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀bẹ mọ́kànlá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé kó kà á. Òkúta ló wà nínú ihò kejìlá. Bàbá yọ ọ́ fún mi lọ́dún tí mo wọlé. Mi ò mọ ibi tó ti yọ ọ́, Ọlọ́run gbọ́."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin kà á sókè. Mọ́kànlá ni. Bísíríyù ti bẹ́ mọ́ ìwé náà. "Èló ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Ikán ti jẹ ẹ́, Bọ̀dá."

"Ikán! Bàbá, ẹ ò rí i? Ó ti gbà pé òun mú un! Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un? Ẹ̀yìn ikú Bàbá ló kó o!"

Bàbá Adélàjà mú òkúta, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ihò kejìlá. Ìpẹ̀kun méjèèjì wọ̀ ọ́ géérégé. Ó wá fi àtàǹpàkò ra kòtò tó wà láàárín rẹ̀, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni bàbá náà. Ó mọ ohun tí irin ń ṣe sí òkúta.

"Ogójì ọjọ́ ó lé díẹ̀ ni Ọláògún ti kú," ni ó wí. "Òkúta kì í jẹ báyìí ní ogójì ọjọ́. Bísíríyù, wá."

Bísíríyù sún mọ́ ọn.

"Fi ahọ́n kan owú yìí. Sọ pé òkúta yìí kò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ rí nígbà tí bàbá rẹ wà láyé."

Bísíríyù wo owú, ó wo òkúta. Ó lá ètè, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò jáde kọjá ibẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Mùlíkátù, ìyàwó Bísíríyù, ti dojú bolẹ̀.

"Mo fi pọ́n ọ̀bẹ àgbò," ni Bísíríyù wí nígbẹ̀yìn. "Ní Iléyá."

"Iléyá wo?"

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́jọ."

"Ta ló yá ọ?"

"Ìyàwó Ìdrís."

"Ṣé kọ̀rọ̀ ló ti yọ ọ́ nígbà tó fẹ́ yá ọ?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá Adélàjà yọ òkúta kúrò nínú àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì na án sí Hàbíbàt. Àgbàlagbà kì í fi ọwọ́ méjèèjì fún ìyàwó ilé ní nǹkan. "Ẹni tó fún ọ mọ ohun tó fún ọ. Ẹ pè é fún mi, ọkùnrin tó fẹ́ rà á. Ẹ sọ fún un pé àpótí wa pé, ṣùgbọ́n a ti lo òkúta rẹ̀, ó sì ti ní ẹni tó ni ín."

Hàbíbàt gba òkúta, ó sì dìde. Ìdrís sáré wá, ó na ọwọ́ láti bá a gbé báàgì, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omi.

"Ẹ jókòó, Bàbá Hasanat," ni ó wí. "Mo ti ń dá a gbé láti ọjọ́ Àìkú."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ owú irin náà kọjá, kò sì wò ó. Ní Ìpakodò, Ṣẹ̀rífátù ti to ẹja ọ̀sán dè é. Ó jókòó, ó tú àkísà kúrò ní ìka, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀.